Ọmọ Inú Ilé Nígbà Ọyẹ́

Ọyẹ́ Bìní kì í pẹ́. Ní ọdún mìíràn, ọ̀sẹ̀ méjì péré ló máa ń lò. Á dé, á la èèyàn létè, á da eruku pupa bo ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, á sì kọjá lọ. Mo tètè sọ èyí kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé òtútù tí í pa èèyàn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Síbẹ̀, n kò lè sọ pé kò tutù. Ẹni tó bá fọ abọ́ níta kí oòrùn tó yọ, ọwọ́ rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ má mọ ohun tó dì mú mọ́. Ohun méjèèjì ló jẹ́ òtítọ́, àárín wọn ni mo sì wà ní gbogbo oṣù Kejìlá náà.

Mo ti jáde yunifásítì nígbà yẹn, mò ń retí ìpè agùnbánirọ̀. Wọ́n ní kò ní ju oṣù mẹ́ta lọ, ó ti di oṣù mẹ́jọ. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló gbà mí sílé ní Oregbeni, ní ìlú Bìní. Aránṣọ ni, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní Siluko Road, ọkọ rẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́ ní Warri. Oṣù Kejìlá ni oṣù tí aránṣọ kì í rójú, nítorí náà ìdájí ló ń kúrò nílé. Mò ń jẹun rẹ̀, mò ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì ọmọ rẹ̀. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe fún un kò ní orúkọ gidi kan: mò ń ṣọ́ ọmọ.

Ọmọ náà jẹ́ obìnrin, ó pé ọmọ ọdún méje. Nígbà tó wà ní ọmọ ọdún mẹ́rin, nínú ọyẹ́, òtútù àyà mú un. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló fi wà ní ilé ìwòsàn tí wọ́n ki rọ́bà sí i nímú. Dókítà ṣàlàyé pé kòkòrò àìsàn ló wọ inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, pé òtútù nìkan kì í fa irú rẹ̀. Èmi gbọ́ àlàyé yẹn, mo sì rántí rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi náà gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n òun ló sun orí ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ohun tí òun rántí ni pé ọmọ náà ti lọ ṣeré níta láàárọ̀ ọjọ́ tí àìsàn náà bẹ̀rẹ̀. Láti ìgbà náà, bí ọyẹ́ bá ti ń fẹ́, ọmọ kò gbọ́dọ̀ jáde.

Ó fi téèpù dí ojú wíńdò. Ó wọ ọmọ ní súwẹ́tà méjì, ìbọ̀sẹ̀, àti fìlà onírun tó bo etí. Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, ó ń fi ìpara tó ń ta lára pa á láyà títí ojú gbogbo wa fi ń ṣomi nínú yàrá. Ìlẹ̀kùn onírin tó wà lẹ́nu ọ̀nà ní kọ́kọ́rọ́ méjì. Ọ̀kan wà nínú báàgì rẹ̀. Èkejì, ó fi aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan rán okùn sí i, ó fi kọ́ mi lọ́rùn.

"Ìwọ ni mo fọkàn tán," ni ohun tó sọ.

Bó bá jẹ́ pé ńṣe ló tì wá mọ́lé tó lọ, ó lè rọ̀ mí lọ́rùn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí wọ́n tì mọ́lé lè bínú. Èmi, kọ́kọ́rọ́ wà láyà mi, n kò sì lè ṣí ìlẹ̀kùn.

Nínú ọgbà ilé náà, àwọn ọmọ ayálégbé máa ń kọ́ àtíbàbà ní ọdọọdún nígbà Kérésì. Wọ́n á ri òpó igi mẹ́rin sí ẹ̀gbẹ́ odi, lábẹ́ igi máńgòrò, wọ́n á lọ wá imọ̀ ọ̀pẹ, wọ́n á fi bo orí àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ Kérésì, inú rẹ̀ ni wọ́n máa ń jókòó láti jẹ ìrẹsì. Àárọ̀ kùtùkùtù ni wọ́n ń ṣiṣẹ́ náà, nítorí ọyẹ́ tètè ń gbẹ imọ̀ ọ̀pẹ, èyí tó bá gbẹ kò ṣe é hun mọ́. Òfin wọn kò ju ẹyọ kan lọ, orin ni wọ́n sì fi ń kọ ọ́: "Who no carry palm, no go siddon!"

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń gun àga lójú wíńdò. Ó ti fi èékánná ká igun téèpù kan, ó ń gba ibẹ̀ wò wọ́n.

"Àǹtí, dem don put two pole."

"Mo rí i."

"If Friday pass and I never carry palm, I no go siddon."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ?"

"Everybody."

Ní ọmọ ọdún méje, gbogbo èèyàn kì í ju ọmọ mẹ́fà lọ, ṣùgbọ́n ọmọ mẹ́fà yẹn náà ni gbogbo ayé. Kò sunkún. Ì bá jẹ́ pé ó sunkún ni, ǹ bá ti mọ ohun tí ǹ bá ṣe. Ńṣe ló ń dúró síbẹ̀, òógùn ń yọ lábẹ́ fìlà rẹ̀, ó ń ròyìn iṣẹ́ náà fún mi bí ẹni tó ń ka ìròyìn lórí rédíò.

Ní ọjọ́ Sunday tó ṣáájú Kérésì, màmá wa dé láti Ṣakí. Kò tíì jókòó tó ti bẹ̀rẹ̀.

"Kí ló dé tí ẹ sé ọmọ mọ́lé bí adìyẹ tó ń sàba?"

"Òtútù ni, Màámi," ni ẹ̀gbọ́n mi wí.

"Òtútù wo? Èyí tó ń fẹ́ níta yìí? Bí ọyẹ́ yín yìí bá pàdé ọyẹ́ Ṣakí lọ́nà, á kúnlẹ̀ kí i. Nígbà tí mo wà bíi tirẹ̀, a ti máa ń gbá ojúde tán kí ilẹ̀ tó mọ́, ìró kan ṣoṣo nídìí, kò sí nǹkan kan láyà. Kí ló ṣe wá?"

Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí láìmọye ìgbà. Lọ́jọ́ yẹn, mo ronú kàn án. Àwọn tó ń jẹ́rìí pé nǹkan kan kò ṣe wọ́n, àwọn tí nǹkan kò ṣe nìkan ni. Mo sì mọ̀ pé mẹ́sàn-án ni ìyá màmá mi bí.

"Màámi, ẹ̀yin márùn-ún lẹ dàgbà. Àwọn mẹ́rin yòókù, kí ló ṣe wọ́n?"

Màmá mi wò mí. "Ìwọ yìí, ìwé ti pọ̀ jù nínú rẹ." Ó tún ní, "Wọ́n ní ikọ́ ló mú ọ̀kan lọ. Àwọn tó kù, ta ló mọ̀?"

"Ẹ ò rí i!" Ẹ̀gbọ́n mi pàtẹ́wọ́.

Mo ní ìyẹn náà kò fi ohunkóhun hàn. Ó lè jẹ́ èéfín inú ilé ìdáná tí wọ́n ń sùn sí ló fa ikọ́ náà. Báyìí ni mo ṣe mú kí àwọn méjèèjì bínú sí mi lẹ́ẹ̀kan náà. Màmá mi ní òun kò tíì rí irú èèyàn tí kì í gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni, àní ẹ̀yìn ara rẹ̀.

Ṣùgbọ́n Màámi náà kò fẹ́ kí ọmọ lọ ṣeré o. Iṣẹ́ ilé ló ń jà fún. Ó ní iṣẹ́ kì í jẹ́ kí òtútù mú ọmọ, pé eré ló ń fà á.

"Màámi, atẹ́gùn kan náà ló ń fẹ́ sí méjèèjì."

"Kì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́, ara rẹ̀ ń gbóná, ẹnu rẹ̀ pa dé. Ẹni tó ń ṣeré, ó ya ẹnu sílẹ̀, atẹ́gùn ń wọlé bó ṣe wù ú."

Mo kàn ṣàkíyèsí pé òtútù, lọ́dọ̀ rẹ̀, mọ ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ yàtọ̀ sí èyí tí kò ní.

Ní ọjọ́ Wednesday, lẹ́yìn tí ẹ̀gbọ́n mi ti lọ, Màámi dúró sí ẹnu ìlẹ̀kùn onírin.

"Ṣí i. Ọmọbìnrin ọdún méje tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń di ìgbálẹ̀ mú! Kó jáde kó wá gbálẹ̀ iwájú ilé."

"Màámi, ẹ̀gbọ́n mi ló ní kí n má ṣí i."

"Ta ló bí ẹni tó fún ọ láṣẹ?"

Kò sí èsì fún irú ìbéèrè yẹn ní èdè wa. Mo ṣí i. Mo lè sọ pé ó fi ipá mú mi ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe òtítọ́ tán. Kó tó parí ọ̀rọ̀, ọwọ́ mi ti wà lórí kọ́kọ́rọ́.

Ọmọ gba ìgbálẹ̀. Ó gbá ẹnu ọ̀nà wa. Ó gbá ẹnu ọ̀nà aládùúgbò wa. Ó tẹ̀ síwájú díẹ̀, ó wẹ̀yìn, ó gbá a lẹ́ẹ̀mejì, ó tún tẹ̀ síwájú. Màámi jókòó lórí àpótí, inú rẹ̀ ń dùn. "Ẹ wá wo ọmọ! Gbogbo ọgbà ló ń gbá yìí! Ẹ̀jẹ̀ mi nìyẹn." Èmi rí ibi tí ìgbálẹ̀ náà dorí kọ. Nígbà tó dé ìdí igi máńgòrò, ó gbé e ti odi, ó bọ́ súwẹ́tà méjèèjì lé orí ẹ̀rọ omi, ó sì lọ síbi tí àwọn ọmọ náà ti ń fa imọ̀ ọ̀pẹ. N kò sọ fún Màámi. Ojú rẹ̀ kò ríran jìnnà mọ́.

Ohun kan wà tí mo rí, tí n kò kà sí nígbà náà. Nílé wa, a máa ń wọ́n omi sílẹ̀ kí a tó gbá a nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ omi ọgbà kò yọ omi láti ọjọ́ méjì, kò sẹ́ni tó fẹ́ da omi ilé rẹ̀ sórí ilẹ̀. Eruku tí ọmọ náà ń gbá ń gòkè bí èéfín, ó ń bo ojú rẹ̀. Ìgbà tó ń gbálẹ̀ ló wúkọ́ àkọ́kọ́. Nígbà tó ń fa imọ̀ ọ̀pẹ nínú òtútù kan náà, láìsí súwẹ́tà, tó ya ẹnu tó ń rẹ́rìn-ín, kò wúkọ́ rárá. Kò sì pẹ́ tí Màámi fi pè é wọlé. Kò tíì rí imọ̀ ọ̀pẹ kankan gbé dé inú àtíbàbà.

Nírọ̀lẹ́, ikọ́ náà le sí i. Ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ ọ láti ẹnu géètì ọgbà. Kò bọ́ bàtà kó tó wọlé.

"Ta ló ṣí i?"

Màámi ń wo tẹlifíṣọ̀n. Iná kò sí, tẹlifíṣọ̀n náà wà ní pípa.

"Èmi ni," mo wí.

Kò pariwo. Ó fa okùn kọ́kọ́rọ́ náà gba orí mi yọ, bí ìgbà tí èèyàn ń bọ́ aṣọ lọ́rùn ọmọdé. Ní ọjọ́ kejì, ó ti àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́lé láti ìta, ó kó kọ́kọ́rọ́ méjèèjì lọ sí Siluko Road.

Màámi mi ìlẹ̀kùn náà títí. "Èmi! Ọmọ tí mo bí tì mí mọ́lé bí ewúrẹ́ tó jẹ iṣu! Kí ara Ṣakí má gbọ́ o." Nígbà tó rẹ̀ ẹ́, ó dùbúlẹ̀. Ojú wíńdò wà ní dídí, yàrá ń rùn fún ìpara àti òógùn, a sì ń gbọ́ àwọn ọmọ níta bí wọ́n ṣe ń bá ara wọn jà nítorí okùn. Láàárọ̀ yẹn, ikọ́ ọmọ náà ti lọ. Kò sí ibà. Mo fọwọ́ kàn án lọ́rùn ní wákàtí wákàtí. Mo wá so nǹkan pọ̀ lọ́kàn mi: eruku ni, kì í ṣe òtútù. Mo tún dá ara mi lóhùn pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo rí i, pé èèyàn kì í fi ẹ̀ẹ̀kan ṣòfin.

"Bá ẹ̀gbọ́n rẹ sọ̀rọ̀," Màámi wí láti orí bẹ́ẹ̀dì. "Sọ fún un pé nǹkan kan ò ní ṣe ọmọ yìí."

"Mi ò mọ̀ bóyá nǹkan kan ò ní ṣe é, Màámi."

"Ta ló bi ọ́ bóyá o mọ̀? Tèmi, ó ní mo máa ń sọ bẹ́ẹ̀ nípa gbogbo nǹkan. Ìwọ tí kì í sọ pé òjò ń rọ̀ àfi tó bá pa ọ́, ìwọ ló máa gbà gbọ́."

Òótọ́ ló sọ, ohun tó sì dẹkùn mú mi gan-an nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n mi gbà mí gbọ́ nítorí pé n kì í sọ ju ohun tí mo mọ̀ lọ. Bí mo bá sọ kìkì ohun tí mo mọ̀, ìlẹ̀kùn kò ní ṣí. Bí mo bá sọ èyí tó lè ṣí i, mo ti ná ìgbàgbọ́ náà tán.

Ọjọ́ Friday mọ́. Ọmọ ti jí ṣáájú wa, ó wà lórí àga. Kò bẹ̀bẹ̀. Imọ̀ ọ̀pẹ tó kù níta kò ju márùn-ún tàbí mẹ́fà lọ. Ẹ̀gbọ́n mi gbé báàgì kọ́ apá, àgádágodo wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wo ẹ̀yìn ọmọ rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó sì kọjú sí mi.

"Ìwọ tó kàwé. Má sọ ọ̀rọ̀ gígùn fún mi lónìí. Bó bá jáde, ṣé nǹkan á ṣe é, àbí nǹkan ò ní ṣe é?"

Ohun tó wá sí mi lọ́kàn pọ̀. Pé eruku ni. Pé kí a wọ́n omi sílẹ̀. Pé ọmọ ọdún méje kì í ṣe ọmọ ọdún mẹ́rin. Pé dókítà ní òtútù nìkan kì í fa irú rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ló jẹ́ òtítọ́, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó jẹ́ èsì. Mo mọ̀ pé bí mo bá fi "bóyá" bẹ̀rẹ̀, àgádágodo náà á dún kí n tó parí rẹ̀.

"Nǹkan kan ò ní ṣe é," mo wí.

Ó dúró. Ó ń retí "ṣùgbọ́n" mi, nítorí ó mọ̀ mí. Mo fi eyín dì í mú. Màámi gan-an gbé orí sókè.

"Ìwọ ló sọ ọ́ o."

"Èmi ni mo sọ ọ́."

Ó fi àgádágodo náà sínú báàgì, ó lọ.

Ọmọ fa imọ̀ ọ̀pẹ kan tó gùn ju òun lọ kọjá ọgbà náà, ó ń rìn sẹ́yìn sẹ́yìn, súwẹ́tà kan ṣoṣo lọ́rùn rẹ̀. Ọmọ tó dàgbà jù nínú wọn fi ẹsẹ̀ wọn imọ̀ ọ̀pẹ náà. "E small," ó wí. Èkejì ní, "Na palm. She don carry." Wọ́n gbà á wọlé.

N kò gbádùn rẹ̀. Mo fẹ́ sọ pé mo gbádùn rẹ̀, ṣùgbọ́n etí mi kò gbọ́ ẹ̀rín wọn, ikọ́ ló ń wá. Bí wọ́n bá lọ sí ẹ̀yìn ilé, mo lọ sí ẹ̀yìn ilé. Aládùúgbò wa tó ń din àkàrà wò mí títí, ó ní, "Sister, na police you be, abi na bodyguard?" Ọmọ náà wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì láti àárọ̀ dé ọ̀sán. Lẹ́ẹ̀kejì, omi ló há a lọ́fun, mo rí i. Ti àkọ́kọ́, n kò lè sọ.

Nǹkan kan kò ṣe é lọ́sẹ̀ yẹn. Ó jókòó nínú àtíbàbà lọ́jọ́ Kérésì, ó jẹ ìrẹsì tí iyanrìn wà nínú rẹ̀. N kò fi ìyẹn sọ pé mo jàre. Ọmọ kan ni, ọyẹ́ kan ni, ọyẹ́ Bìní sì ni.

Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ Friday yẹn ni ẹ̀gbọ́n mi ti fi gbogbo rẹ̀ lé mi lọ́wọ́. Ó yọ téèpù kúrò lójú wíńdò. Kò ti ìlẹ̀kùn mọ́, kò bá Màámi jiyàn mọ́, títí Màámi fi padà sí Ṣakí. Lójoojúmọ́, kó tó lọ, yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà, yóò sì bi mí bóyá kí ọmọ jáde tàbí kó má jáde, yóò dúró gba ọ̀rọ̀ kan péré lẹ́nu mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í jí ṣáájú gbogbo ilé, mo ń na ọwọ́ gba ojú wíńdò bí ẹni pé atẹ́gùn á sọ nǹkan fún mi. Ohun tí mo mọ̀ ní ọjọ́ kẹwàá kò fi ìka kan ju ohun tí mo mọ̀ ní ọjọ́ kìíní lọ. Mò ń sọ pé kó jáde, mo sì ń lo gbogbo ọjọ́ náà ní ẹ̀yìn rẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù Kìíní, a jí, a kò rí odi ọgbà. Eruku ti gbé e mì. Ọmọ ti wọ bàtà, ó ti de okùn rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi bi mí. Àwọn méjèèjì ń wo ẹnu mi.

"Kó dúró," mo wí.

Ẹ̀gbọ́n mi gbé báàgì rẹ̀, ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ọmọ jókòó sílẹ̀, ó tú okùn bàtà kan, ó tú èkejì, kò bi mí ní ìdí. Ìlẹ̀kùn onírin náà wà ní ṣíṣí gbayawu níwájú wa, kò sì sí ẹni tó jáde nínú àwa méjèèjì.